Ṣíámàànù Ìmọ́tótó

Láti Okumagba títí dé Enerhen, ó ṣòro kí èèyàn rí ilé alájọgbé kan ní Warri tí kò ní Ṣíámàànù Ìmọ́tótó tirẹ̀. Kì í ṣe onílé, kì í ṣe kiatéékà, kò sì sẹ́ni tó dìbò fún un. Ó ṣáà rí i pé àwọn èèyàn ń gbálẹ̀, ó wá gbà pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa nawọ́ síbi tí wọn yóò gbá.

Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù lọjọ́ ọlá rẹ̀. Nígbà ìjọba ológun Buhari àti Idiagbon, lásìkò WAI, ìyẹn ìpolongo ìgbógunti ìwà àìníbàáwí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1984, ni ìmọ́tótó tipátipá yìí ti mọ́ wa lára. Èkó fagi lé tiwọn ní November 2016, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ti sọ pé ìjọba ò lẹ́tọ̀ọ́ láti sé aráàlú mọ́lé nítorí ìgbálẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ létí Ṣíámàànù o! Kí aago méje tó lù, ó ti ń fọn fèrè káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìwé orúkọ lọ́wọ́ kan, ife tíì lọ́wọ́ kejì. Ẹni tó bá pẹ́ jáde yóò san owó ìtanràn. Ibi tí owó náà ń gbà lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bèèrè.

Lọ́dún yìí, ó rí ìmọ̀ tuntun kó lórí YouTube: kọ́ḿpọ́ọ̀sì. Ó ní kí òjò tó dé, kí gbogbo ilé máa da èèpo ẹ̀gẹ́, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àṣẹ́kù ọbẹ̀ banga sí igun ọgbà, lẹ́yìn táǹkì omi. Ìlú tí òjò rẹ̀ ń ju mílímítà 2,500 lọ lọ́dún ló ti fẹ́ ṣe é, kò sì wá nǹkan kan bò ó. Àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń sọ pàǹtí di ajílẹ̀ kò lè ṣe láìsí afẹ́fẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po ewé gbígbẹ tàbí ìyẹ̀ pákó mọ́ èèpo tútù, tí wọ́n sì ń yí i lóòrèkóòrè. Bó bá lọ bó ṣe yẹ, inú òkìtì náà á gbóná kọjá 55°C, èso koríko inú rẹ̀ á sì kú. Òkìtì Ṣíámàànù ò gbóná. Ṣíámàànù fúnra rẹ̀ ló ń gbóná, nítorí eṣinṣin ti gba ọgbà, òórùn sì ti wọ yàrá gbogbo ayálégbé.

Ìyá àgbà tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, tó ti pẹ́ tó ti ń gbin tẹ̀tẹ̀ sórí ààtàn, bi í léèrè pé, “Ṣíámàànù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ni yóò wá máa yí i?”

Ó ní òun máa yan ìgbìmọ̀.

Ìyá náà ò dúró de ìgbìmọ̀. Ó gbá ewé máńgòrò gbígbẹ jọ, ó pò ó mọ́ ọn, ó fi ọ̀rá bò ó, òórùn náà sì rọlẹ̀. Ní ìpàdé ilé tó tẹ̀ lé e, Ṣíámàànù ròyìn àṣeyọrí rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú gbáko.

Bí irú rẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ má bá a jiyàn. Ṣọ́bìrì ni kí ẹ fi lé e lọ́wọ́.