Olóyè Ṣeélójúwọn Nínú Ọkọ̀ Ìgbafẹ́

Bí ẹnikẹ́ni bá wà nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n fi ìlú Houston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ibùgbé, tí ó sọ pé òun kò mọ Olóyè Ṣeélójúwọn, a jẹ́ pé onítọ̀hún kò tíì bá wọn wọ aṣọ ẹbí níbẹ̀ rí, kò tíì jẹ ìrẹsì ìsọmọlórúkọ, kò sì tíì jókòó sí gbọ̀ngàn tí wọ́n háyà láti ṣe ìnáwó òkú ìyá arúgbó tí wọ́n ti sin sí Ìjẹ̀bú láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. N kò ní ẹnì kan ṣoṣo lọ́kàn o. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n; wọ́n wà ní Houston, wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì pọ̀ ní Ìbàdàn ju bí a ti lè kà lọ; ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ má baà gùn jù, ẹ jẹ́ kí á kó gbogbo wọn sínú agbádá kan ṣoṣo, kí á fi fìlà abetí ajá dé e lórí, kí á sì jẹ́ kí ó máa rìn bọ̀ níwájú wa.

Ẹ wò ó níbi ìnáwó. Kì í dé nígbà tí àwọn èèyàn ń dé. Ìgbà tí ohùn olórin bá ti gbóná, tí ayafọ́tò sì ti to iná rẹ̀ tán, ni Olóyè í tó yọ lẹ́nu ọ̀nà: agbádá a ṣáájú, ikùn a tẹ̀ lé e, òun tìkára rẹ̀ a wá kẹ́yìn. Bí onígángan bá ti fojú kàn án, ìlù a yí ohùn padà. Olórin a fi orin ọlọ́jọ́ ìbí tí ó ń kọ sílẹ̀ láàbọ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í ní àjànàkú tí ń mi igbó kìjikìji, ọmọ atúpò-má-wẹ̀yìn, ọkọ Ìyá Táyọ̀, ẹni tí ó ní lókè tí ó tún ní lódò. Nígbà náà ni Olóyè yóò fa ìdì dọ́là ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí ó ti gbà ní báńkì láti ọjọ́ Ẹtì yọ, tí yóò máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ olórin níwájú orí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìkánjú, pàápàá bí ayafọ́tò bá ṣì ń wá ibi tí yóò dúró sí. Kí ó tó padà síjókòó, dọ́là 300 ti lọ. Nílé, òfin Báńkì Àgbà Nàìjíríà ti ọdún 2007 ti sọ irú ìnáwó yìí di ẹ̀ṣẹ̀ bí ó bá jẹ́ náírà ni, ilé ẹjọ́ ní Èkó sì rán gbajúmọ̀ kan lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí rẹ̀ ní ọdún 2024. Olóyè a sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá rẹ̀ pé òkun wà láàárín òun àti àjọ EFCC tí ń mú irú wọn.

Orí òkun náà ni ọ̀rọ̀ wa ń lọ. Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, Olóyè a kó aya àti ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ sí Galveston, èbúté tí ó tó nǹkan bí máìlì 50 sí Houston, wọn a sì wọ ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ gògòrò tí ń ná Cozumel ní ilẹ̀ Mẹ́síkò àti Roatán ní Honduras, fún ọjọ́ méje gbáko. Nínú àdéhùn tí ó fọwọ́ sí láìkà, ó wà níbẹ̀ pé wọn yóò máa ka owó ẹ̀bùn àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ sí olúkúlùkù lọ́rùn lójoojúmọ́, ọmọdé pẹ̀lú àgbà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ń ti Amẹ́ríkà gbéra ní ọdún 2024, iye rẹ̀ wà láàárín dọ́là 16 sí 20 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni mẹ́rin, ọjọ́ méje, ní dọ́là 16, ó di dọ́là 448. Ẹ fi iye yìí sọ́kàn.

Wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí. Láyé àtijọ́, ìdí tábìlì kan náà ni èrò kọ̀ọ̀kan í ti í jẹun láti ọjọ́ ìgbéra títí di ọjọ́ ìgúnlẹ̀, agbáwo kan náà ni í sì í gbé oúnjẹ wá fún un, nítorí náà, ní alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn, wọn a pín àpòòwé, olúkúlùkù a fi owó sí i fún agbáwo rẹ̀ àti fún ẹni tí ń tún yàrá rẹ̀ ṣe. Àfi ìgbà tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́ Norwegian Cruise Line, ní ọdún 2000, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí èrò jẹun níbi tí ó bá wù ú àti nígbà tí ebi bá pa á, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, tí agbáwo òwúrọ̀ kì í ṣe ti ọ̀sán mọ́, tí ti ọ̀sán kì í ṣe ti alẹ́, ni àpòòwé wá ń di ohun ìgbàgbé, tí owó náà sì bọ́ sínú ìwé gbèsè èrò, láti ibi tí wọn yóò ti pín in fún gbogbo àwọn tí ó lọ́wọ́ sí iṣẹ́.

Ọmọkùnrin tí ń tọ́jú yàrá Olóyè, ọmọ Fílípínì ni. Oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án ni irú wọn í fi í wà lórí omi kí wọ́n tó tún fojú kan ilé, kò sì sí ọjọ́ Àìkú kan nínú rẹ̀ tí í ṣe ọjọ́ ìsinmi. Àdéhùn àgbáyé lórí iṣẹ́ ojú òkun, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2006 tí ó sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 2013, gbà kí wọ́n mú un ṣiṣẹ́ tó wákàtí 14 láàárín ọ̀sán òun òru kan, àti wákàtí 72 láàárín ọjọ́ méje. Òfin tí wọ́n sì ṣe láti dáàbò bò ó nìyẹn o. Ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ ti là á sílẹ̀ pé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ gan-an, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ máa lọ bá ẹbí nílé. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà. A kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, a dúró díẹ̀, a tún kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni Olóyè ti kọ́ ọ pé kí ó máa pe òun ní "Chief", "Chief" kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà náà. Ní ìrọ̀lẹ́, a mú aṣọ ìnura méjì, a ká ti àkọ́kọ́ láti igun méjèèjì títí tí yóò fi fẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró, a fi ìkejì ṣe orí àti etí, a fa ìmú gùn síwájú, a sì mú awò oòrùn Olóyè lórí tábìlì fi bò ó lójú. Erin ni. Nígbà tí Olóyè wọlé bá a lórí ibùsùn, inú rẹ̀ dùn dé ìdí, ó ní ọmọ náà mọ oríkì òun, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi í ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lórí WhatsApp, ó sì gbá ọmọkùnrin náà léjìká pé, "Ọmọ mi, n kò ní gbàgbé rẹ."

Àwọn kan tún wà nísàlẹ̀ tí kò lè gbàgbé, nítorí pé kò rí wọn rí. Nínú ikùn ọkọ̀, ọ̀nà gígùn kan wà tí ó la ọkọ̀ já láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní I-95, orúkọ òpópónà ńlá kan ní Amẹ́ríkà. Inú rẹ̀ ni àwọn tí ń fọ àwo ń gbà kọjá, àti àwọn tí ń lọ aṣọ ibùsùn nínú ooru ẹ̀rọ, níbi tí kò sí fèrèsé. Nínú owó ẹ̀bùn ojoojúmọ́ yẹn ni irú wọn ti ń rí ìpín tiwọn. Àwọn àgbà ní oníṣẹ́ ń bẹ lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ ń bẹ níbòòji. Nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́, ọ̀rọ̀ náà yí dà, ẹni tí ń jẹ ẹ́ ni ó nà gbalaja sínú oòrùn, tí ó fi òróró para, oníṣẹ́ ni kò rí oòrùn sójú.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹfà, nígbà tí àwọn èèyàn ti lọ wo eré, Olóyè wọ sálúbàtà, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sí kántà ìgbàlejò.

"Ọmọ mi," ni ó wí fún omidan tí ó bá níbẹ̀, "mo rí owó kan nínú ìwé gbèsè mi tí n kò mọ ìdí rẹ̀."

Omidan náà wò ó, ó ní, "Owó ẹ̀bùn àwọn òṣìṣẹ́ ni, sà. Ǹjẹ́ wọ́n ṣẹ̀ yín ni?"

"Ká má rí i! Ta ni yóò ṣẹ̀ mí? Ìtọ́jú ọba ni wọ́n tọ́jú mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn kì í ṣe gbèsè, ọkàn ẹni ni í ti í wá. Ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò. Ọwọ́ ara mi ni n óò fi fún wọn, kí wọ́n lè mọ ibi tí ó ti wá."

Àṣẹ kò sí lọ́wọ́ omidan náà láti kọ̀ fún un. Ó tẹ kọ̀ǹpútà níbi mẹ́ta, dọ́là 448 sì padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀.

Ìyá Táyọ̀, tí ó ti ń ṣọ́ ọ bọ̀ láti orí àtẹ̀gùn, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá Táyọ̀, ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ yẹn mọ oríkì yín!"

"Ta ló ní n kò dúpẹ́? Ẹnu ni à á fi í dúpẹ́, a kì í fi káàdì dúpẹ́. Àwọn ọlọ́kọ̀ ni kí wọ́n lọ san owó òṣìṣẹ́ wọn."

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí, kì í ṣe irọ́, èmi náà kò sì ní torí pé ẹnu Olóyè ló ti jáde kí n sọ pé irọ́ ni. Royal Caribbean, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kọ̀ náà, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Miami, Liberia ní etí òkun tiwa níhìn-ín ni wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àsíá Bahamas ni ó sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí púpọ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìdí tí olówó fi í ní ilé ní ìlú kan kí ó sì sọ ara rẹ̀ di ọmọ ìlú mìíràn, kò ní béèrè ohun tí ó fà á. Pé ilé iṣẹ́ ń gbé ohun tí ó yẹ kí ó jẹ́ owó iṣẹ́ lé àlejò lọ́wọ́, tí ó sì ń fi aṣọ ẹ̀bùn bò ó, ọgbọ́n àgbọ́njù ni. Ó sì ṣeé ṣe kí á yí i padà: P&O Cruises ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa owó ojoojúmọ́ yìí rẹ́ ní ọdún 2019, ó kà á mọ́ owó ọkọ̀, kò sì tìtorí rẹ̀ rì. Ṣùgbọ́n Olóyè kò kọ lẹ́tà kankan sí àwọn ọlọ́kọ̀. Kò sì sọ pé òun kò ní wọ ọkọ̀ wọn mọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ti san àsansílẹ̀ ti ọdún tí ń bọ̀, nítorí pé owó rẹ̀ kò wọ́n. Òtítọ́ tí ó bá níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sá sí.

Ẹ má sì ṣe pè é ní ahun. Ahun kan kì í lẹ dọ́là 300 mọ́ olórin lórí. Nínú ọkọ̀ yìí kan náà, ní ìdí ọtí, Olóyè ra ọtí fún odindi tábìlì lálẹ́ ọjọ́ kejì; wọ́n fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún lé orí ife kọ̀ọ̀kan fún agbọ́tí, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ̀rọ̀, nítorí pé àwọn òyìnbó mẹ́fà ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ohun tí kò lè fara dà ni owó tí ń jáde lápò rẹ̀ láìfọhùn. Yinni yinni kẹ́ni ó ṣèmíì, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà kò mọ oríkì ẹnikẹ́ni. Ìmọ̀ràn kan wà tí mo ní fún àwọn ọlọ́kọ̀, n kò sì ní gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀: ẹ gba onígángan kan sínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan; bí ó bá di àkókò oúnjẹ alẹ́, kí ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kí ó máa fi ìlù pè é pé àjànàkú yàrá 8214 ti san ti òní, pé ti yàrá 8216 ni a kò tíì rí. Bí Olóyè kò bá san ti yàrá méjèèjì pọ̀, kí wọ́n wá mú mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìgúnlẹ̀, ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún wọn. Ó pe ọmọkùnrin Fílípínì náà wọlé, ó ní kí Táyọ̀ mú fóònù dání, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìwúre: kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó kú sójú omi, kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ má di òfo, kí òun náà di ẹni tí yóò máa gbé aya àti ọmọ wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́. Gbogbo rẹ̀ gùn tó ìwúre ìyàwó. Nígbà tí àṣẹ parí, ó fi dọ́là 5 lé e lọ́wọ́, ó sì di ọwọ́ náà mú títí tí fọ́tò fi dára. Àwọn ọlọ́kọ̀ mìíràn wà tí òfin wọn sọ pé, bí èrò bá ti yọ owó rẹ̀ kúrò, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kó èyíkéyìí tí ó bá fún un lọ́wọ́ padà sínú àpò àjọpín. Bóyá dọ́là 5 yẹn pàápàá kò sùn sọ́dọ̀ ọmọkùnrin náà, n kò lè sọ. Ẹ̀rín ojú rẹ̀ kò yí padà. Ó ní, "Thank you, Chief," ó sì lọ kan ilẹ̀kùn tó tẹ̀ lé e, nítorí pé kí oòrùn tó wọ̀, èrò mìíràn yóò ti wà nínú gbogbo yàrá.

Olóyè sọ̀ kalẹ̀ sí èbúté Galveston. Alábàárù kan, òyìnbó sìgbọnlẹ̀, gba àpótí méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń tì wọ́n lọ síbi ọkọ̀ ilẹ̀, ìrìn tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Olóyè ti mú dọ́là kan dání fún un. Àfi bí ẹnì kan ti kígbe lẹ́yìn pé, "Olóyè! Olóyè! Àṣé inú ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wa wà!" Alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni, òun àti ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú akọ̀wé ẹgbẹ́ àti àwọn àna rẹ̀ mẹ́ta. Ọwọ́ Olóyè padà sápò. Nígbà tí yóò tún jáde, dọ́là 20 ló wà nínú rẹ̀. Ó pe alábàárù náà ní ọmọ rere, ó béèrè orúkọ rẹ̀ sókè ketekete, ó sì gbé owó náà sókè ná, kí gbogbo wọn rí i dáadáa, kí ó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí i lọ́wọ́.