Pupa-àti-Yẹ́lò, Dókítà Gbogbo Ayé

Ẹ̀yin ará Àgbádárìgì, Tetracycline, kápúsù pupa-àti-yẹ́lò, ni mo fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀ lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé e mì, ẹ má rò pé mo gbàgbé yín.

Kò sí bọ́ọ̀sì Mile 2 tí kì í wọ̀. Ẹni tó ń tà á á dìde lẹ́yìn dẹ́rẹ́bà, á gbàdúrà, a ó ṣàmín, á wá bẹ̀rẹ̀: ẹ̀yìn ríro, inú rírun, jẹ̀díjẹ̀dí, àìrọ́mọbí. Ó kù díẹ̀ kó ní ó ń lé àwọn tó ń na okùn sójú títì Ṣẹmẹ. Oòrùn sì ti yan oògùn ọ̀hún láti àárọ̀. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá ń kọ́? Láti 1963 làwọn dókítà Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń ba kíndìnrín jẹ́.

Bùọ̀dá apẹja Gbẹ̀rẹ́fù ní tiẹ̀, ìwọ̀ gún un lẹ́sẹ̀, ó ṣí kápúsù, ó da ìyẹ̀fun yẹ́lò sójú egbò. Ó ní ó ti gbẹ. Òkè ló gbẹ, ọyún ń ṣàríyá nísàlẹ̀. Ó tún gbé méjì mì, ó wọkọ̀ ojú omi lọ́sàn-án gangan, oògùn tó jẹ́ pé oòrùn kì í fojú rere wo ẹni tó bá mu ún! Ìgbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ bó, ó ní ayé ló ń ṣe òun.

Àǹtí Ajárá ní tòun ò ṣiṣẹ́. Báwo ni yóò ṣe ṣiṣẹ́, nígbà tó jẹ́ wàrà ló fi sìn ín sọ́fun? Kálísíọ́ọ̀mù inú wàrà dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì jọ gba ẹ̀yìn jáde. Oògùn ẹ̀jẹ̀ náà ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọge tí ẹ ń gbé mẹ́rin mì kí oyún má bàa dúró, oyún ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ lé òun. Bí aboyún bá sì ń mu ún, tàbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8, eyín ọmọ náà lè pọ́n bíi ti bàbá tó ti ń jẹ obì láti ayé Macaulay.

Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó níṣẹ́ lọ́wọ́: ó ń wo kìlámídíà àti irorẹ́, àbúrò rẹ̀, doxycycline, sì ń bá omi oníyọ̀-òun-ṣúgà lé kọ́lẹ́rà. Ọ̀fìnkìn ni kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀, fáírọ́ọ̀sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n a ti rán an níṣẹ́ ọ̀fìnkìn títí, kòkòrò tó yẹ kó máa bẹ̀rù rẹ̀ ti wá ń bá a ṣàwàdà.

Ìyá aládìyẹ ọjà Agbalátà ni n kò lè bú tán. Omi adìyẹ ló ń dà á sí. Òyìnbó Amẹ́ríkà ló dá àṣà yìí sílẹ̀ ní nǹkan bí 1950, nígbà tí wọ́n rí i pé ẹbí oògùn yìí ń mú adìyẹ sanra. Ilẹ̀ Yúróòpù ti fòfin de fífi irú oògùn bẹ́ẹ̀ mú ẹran sanra láti 2006. Mo sọ fún Ìyá. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, àbí àwọn ará Yúróòpù ni yóò sanwó adìyẹ tó bá kú?