Géèmù Tó Ń Fi Àgbàlagbà Ṣẹ̀sín

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a ń pariwo. Wọ́n ní àwọn àgbàlagbà kan wà nílùú Ifẹ̀ yìí, àwọn tó kàwé kanlẹ̀, tí wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yunifásítì, tí wọ́n ti fẹ̀yìntì, tó jẹ́ pé géèmù ni wọ́n ń fi òru ṣe báyìí. Kì í ṣe ayò o. Ayò ì bá sàn, èèyàn méjì ló ń ta á, ojú sì ń rí ojú. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù orí fóònù táwọn ọmọ Láàgere ń gbá. Géèmù tí kò ní àwòrán kankan ni, ọ̀rọ̀ lásán! Ẹ̀rọ á kọ gbólóhùn kan, ìwọ náà á kọ ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì pé o ṣílẹ̀kùn, o mú báàgì, o lọ sápá gúúsù, ẹ̀rọ á sì dá ọ lóhùn. Ìgbà mìíràn, èébú ni yóò fi dá ọ lóhùn. Àgbàlagbà á sì rẹ́rìn-ín sí i.

Ìyàwó ọ̀kan nínú wọn ní Parakin ló tú àṣírí. Mi ò ní dárúkọ, ẹ má bi mí. Òun kọ́kọ́ rò pé obìnrin ni. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ọkọ ń dìde láago méjì òru, ó ń gbé fóònù lọ sí pálọ̀, ó ń dá rẹ́rìn-ín, ó sì tún ń kùn pé, "Ó tún ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́!" Kí ni kí obìnrin rò? Ó yọ́ kẹ́lẹ́ lọ bá a. "Dádì, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ lóru báyìí?" Ọkùnrin ní ẹja ni. Ẹja! Ìyàwó ní ì bá tẹ́ òun lọ́rùn kó ti dárúkọ obìnrin kan, kí òun mọ ibi tí òun máa gbà lọ.

Òótọ́ ni ọkọ rẹ̀ sọ, ìyẹn gan-an ló bani lẹ́rù. Géèmù náà ń jẹ́ *The Hitchhiker's Guide to the Galaxy*. Ọdún 1984 ni ilé-iṣẹ́ Infocom ní Massachusetts gbé e jáde, àwọn ará MIT ló sì dá ilé-iṣẹ́ ọ̀hún sílẹ̀ lọ́dún 1979. Douglas Adams, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́kọ́ fi ìtàn náà ṣe eré orí rédíò ní BBC lọ́dún 1978, òun àti Steve Meretzky ló jọ ṣe é. Kí ẹ mọ̀ pé Adams kì í tètè ṣiṣẹ́. Meretzky ní láti gbéra láti Amẹ́ríkà lọ bá a ní Devon kí iṣẹ́ tó lè tẹ̀síwájú. Ìwà ọ̀lẹ wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ àwọ̀sùn ni ìwọ, orí ń fọ́ ọ, katapílà sì ti dé láti wó ilé rẹ nítorí títì. Àwa tí a mọ ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń kọ àmì sára ògiri, a ò nílò ẹni tó máa ṣàlàyé ìyẹn fún wa. Kò pẹ́ sígbà náà, àwọn ẹ̀dá kan wá láti ojú ọ̀run, wọ́n wó ayé fúnra rẹ̀ nítorí títì tiwọn. Ó pani lẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀rín ọ̀hún ni wọ́n fi ń múni.

Ẹ wá gbọ́ ti ẹja. Bí o bá kì í bọ etí, gbogbo èdè tó wà lábẹ́ ọ̀run ni wàá máa gbọ́. Inú ẹ̀rọ kan lára ògiri ló wà. O tẹ bọ́tìnnì, ẹja fò jáde, ó gba ihò kan lára ògiri òdìkejì lọ. O ronú, o fi aṣọ àwọ̀sùn rẹ kọ́ sórí ìkọ́ tó wà lókè ihò náà. O tún tẹ̀ ẹ́. Ẹja lu aṣọ, ó yọ̀ gba inú apá aṣọ wálẹ̀, ó kó sínú ihò omi. O tẹ́ táwẹ̀lì bo ihò omi, o tẹ̀ ẹ́. Ẹja balẹ̀ sórí táwẹ̀lì, àfi bí róbọ́ọ̀tì agbálẹ̀ kan ṣe já jáde nídìí ògiri, tó gbá a lọ. O gbé báàgì dí ẹnu ọ̀nà róbọ́ọ̀tì, o tẹ̀ ẹ́. Róbọ́ọ̀tì forí sọ báàgì, ẹja ta sókè fíríì, róbọ́ọ̀tì kejì, èyí tó jẹ́ pé òkè ló ń tún ṣe, sì há a gbà lójú òfuurufú. Ó kù kí o kó ìdì lẹ́tà ìpolówó ọjà lé báàgì lórí, kí àwọn lẹ́tà fọ́n ká nígbà tí róbọ́ọ̀tì bá kọlù ú, kí èyí tó ń fò gbájú mọ́ ṣíṣà wọn. Ìgbà yẹn ni ẹja tó kó sétí rẹ. Ẹja inú ẹ̀rọ kò sì pọ̀ o, bí o bá fi ṣòfò, ó tán nìyẹn.

Níbo ni lẹ́tà wà? Ẹnu ọ̀nà ilé rẹ ni, níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ilé náà ti wó. Ayé tí ilé wà nínú rẹ̀ ti fọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún ọ pé kí o mú lẹ́tà tí gbogbo èèyàn ń jù nù. Infocom wá ní ojú láti máa ta ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ ọ́ sí láyà pé ẹni tó wọ̀ ọ́ ti rí ẹja náà gbà. Wọ́n fìyà jẹ ọ́, wọ́n tún ta aṣọ ìyà fún ọ.

Níbí ni mo ti dákẹ́, tí mo mi orí. Ní Ifẹ̀ níbí, Ògún ló ń jẹ ajá, ẹni tó bá dé Òkè-Mògún lásìkò Ọlọ́jọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú géèmù yìí, ajá ló ń jẹ èèyàn. Ajá kan wà lójú ọ̀nà ní abúlé rẹ níbẹ̀rẹ̀. Bí o kò bá ra búrẹ́dì oníwàràkàṣì nílé ọtí kí o fún un jẹ, kò ní bá ọ jà. Ó jókòó ni. Ó di ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn náà, nígbà tí o ti jìyà kọjá sísọ, tí o wà nínú ọkọ̀ ojú òfuurufú kan tó kéré ju eruku lọ, ajá yẹn á kàn la ẹnu, á gbé gbogbo yín mì. Kò sí ọ̀nà àbáyọ, àfi kí o padà lọ bẹ̀rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó wà ní yàrá rẹ níbẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Nígbẹ̀yìn, róbọ́ọ̀tì oníbànújẹ́ kan tí ń jẹ́ Marvin á ní kí o gbé irinṣẹ́ kan fún òun. Bí ó bá ku ẹyọ kan ṣoṣo tí o kò mú, ẹyọ yẹn gan-an ni yóò béèrè! Ṣé ìwà ọmọlúàbí nìyẹn?

Àwọn babaláwo Òkè-Ìtasẹ̀, kí ìyà tó jẹ ọ́, wọ́n á ti ka ẹbọ fún ọ. Bí o bá kọtí ikún sí i, tìẹ nìyẹn, kò sẹ́ni tó rẹ́ ọ jẹ. Adams fi ẹbọ pamọ́, ó ní kí o máa lọ, ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ ọ̀hún tilẹ̀ ń purọ́ ní gbangba. Ibì kan wà tó ti máa ń sọ fún ọ pé kò sí nǹkan kan láti rí. Bí o bá ṣagídí, tí o ní o fẹ́ wò ó síbẹ̀, ó di dandan kó jẹ́wọ́. Ibòmíràn, ọ̀gá àwọn tó wó ayé á ka ewì burúkú kan sí ọ létí, ewì tí ń dun ara. Bí o bá jókòó jẹ́ẹ́, o ti pàdánù. O gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún ẹ̀rọ pé o ń gbádùn ewì náà, kí ó lè ka ìpín kejì, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìpín kejì tí wàá fi ṣí àpótí. Ìpọ́nni èké nìyẹn, wọ́n sì ń kọ́ àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Èyí tó jù ú lọ kù. Géèmù náà ní kí o ní tíì lọ́wọ́, kí o má sì ní tíì lọ́wọ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Báwo ni ó ṣe máa ṣeé ṣe? Wàá wọ inú ọpọlọ ara rẹ, wàá já làákàyè rẹ kúrò níbẹ̀, wàá gbé e sọ́wọ́. Mo béèrè lọ́wọ́ ìyàwó ọkùnrin náà bóyá èyí jẹ́ àdììtú, ó ní ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé òun ni.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí àlọ́ àpamọ̀ bá há ọ lọ́rùn, o gbà pé o kò mọ̀ ọ́n, wọ́n á sì sọ ìdáhùn fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Infocom ta àlọ́, wọ́n tún ta ìdáhùn. InvisiClues ni wọ́n ń pè é: ìwé tí wọ́n fi yíǹkì tí kò hàn tẹ̀, tí wàá fi bírò àkànṣe kùn kí ọ̀rọ̀ tó yọ. Bí àlọ́ bá ṣe le sí ni ìwé ṣe ń tà sí. Ẹ fi ọgbọ́n yín rò ó.

Ọkùnrin Parakin yìí kò sì ní àwáwí. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kíní rẹ̀! Nígbà tó ń kàwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti kọ́kọ́ ta á. Ohun tó rẹ́ ẹ jẹ nígbà ọ̀dọ́ ló tún fi owó dátà wá lọ́jọ́ ogbó. Ó ní dátà kọ́, géèmù náà kò tó fọ́tò kan lórí WhatsApp. Àti pé ó tún gbàgbé lẹ́tà yẹn.

Ó ti ní òmíràn lórí fóònù. *Bureaucracy*, ti ọdún 1987, ọdún kan náà tí wọ́n sọ Yunifásítì Ifẹ̀ lórúkọ Awólọ́wọ̀. Adams náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀, nítorí ilé ìfowópamọ́ kan tó kọ̀ láti gbà pé ó ti kó kúrò nílé. Fọ́ọ̀mù ni wàá kọ́kọ́ kún. Lẹ́tà rẹ á lọ sílé aládùúgbò. Gbogbo ìgbà tí nǹkan bá dí ọ lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ á ru sí i, kódà bí o bá ṣi lẹ́tà kan tẹ̀. Bó bá ru kọjá ààlà, o kú. Àwa tí a ti tò fún fọ́ọ̀mù ní tòótọ́ nílẹ̀ yìí, kí ni a fẹ́ fi ìyẹn ṣeré? Ìyàwó rẹ̀ ní láàárọ̀, òun lòun ń gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún un. Lóru, ó ń wá ẹ̀jẹ̀ ríru òmíràn lọ.

Bí ó bá parí síbẹ̀, ǹ bá má ti pè yín. Géèmù apanilẹ́rìn-ín ayé ìgbà yẹn ní ẹbí tí a kì í dárúkọ níwájú ọmọdé. Ọdún 1981 ni *Softporn Adventure* jáde. Obìnrin mẹ́ta ló wà níhòòhò nínú omi gbígbóná lójú páálí rẹ̀, Roberta Williams, ìyàwó ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde, sì wà lára wọn. Nínú rẹ̀ ni Al Lowe ti fa *Leisure Suit Larry* yọ lọ́dún 1987. Èyí máa ń béèrè ìbéèrè nípa Amẹ́ríkà kí ó lè mọ̀ bóyá àgbàlagbà ni ọ́. Ọkùnrin Parakin, bàbá tó ti ní ọmọ-ọmọ, kùnà ìdánwò, ẹ̀rọ ní ọmọdé ni, ó lé e jáde. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ó wá fi ìyẹn sílẹ̀, ó lọ gbé *Leather Goddesses of Phobos*, iṣẹ́ Meretzky ti ọdún 1986. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà ta á: ti jẹ́jẹ́, ti àárín, àti èyí tí mi ò lè fẹnu mi sọ. Bí o kò bá yan nǹkan kan, ti àárín lẹ̀rọ máa fún ọ. Bí o bá yan ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ orí rẹ.

Ìyàwó bi í léèrè níwájú mi, lọ́sàn-án gangan. "Dádì, èwo lẹ yàn?" Ó ní, "Mi ò yan nǹkan kan o, bí mo ṣe bá a ni mo ṣe fi í sílẹ̀. Àti pé kí lẹ ń dààmú sí, ṣebí ẹ̀rọ yẹn fúnra rẹ̀ bi mí lọ́jọ́ orí, mo sì sọ òótọ́ fún un."