Bélì Àgbàsílẹ̀

Ẹ má bi mí léèrè orúkọ o, n ò ní í dá a. Àmọ́ ẹni tó bá ti ra púpurú lọ́jà Okitipupa láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí ti gbọ́ nípa ọkùnrin náà: ó lu ìyàwó rẹ̀ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ilẹ̀ Ọjọ́ Ẹtì kò sì tíì mọ́ tán tó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà lọ́yà. Kò yà sílé àna. Kò yà sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́mísìtì kó ra nǹkan tí wọ́n máa fi pa ojú obìnrin náà. Lọ́yà ló sáré lọ bá!

Kí ló ń wá? Ó fẹ́ kí kóòtù gíga kìlọ̀ fún ọlọ́pàá pé wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òun. Ìyàwó ò mà tíì fẹjọ́ sun ẹnì kankan o! Ètè rẹ̀ ṣì wú, omi ẹ̀kọ gan-an ń nira láti mu. "Ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn mi," ni wọ́n ní ọkọ ń pariwo. Háà! Nínú ilé yẹn, òun nìkan ni ọmọnìyàn?

N ò ní kí èèyàn má dé kóòtù. Abala 35 nínú ìwé òfin 1999 wà fún gbogbo wa: bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni ọlọ́pàá ní láti gbé ẹni tí wọ́n mú dé iwájú adájọ́. Àwa tá a mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára ògiri pé bélì ọ̀fẹ́ ni, tí ẹnì kan á sì máa ka owó lábẹ́ àkọlé náà, a mọ ìdí tí òfin yẹn fi wúlò. Ṣùgbọ́n ṣé torí ẹni tó fi ìgbátí mú ojú ìyàwó wú ni wọ́n ṣe ṣe é?

Ohun tí ọkọ yìí ń wá lórúkọ níbòmíràn: wọ́n ní ní Íńdíà, bélì àgbàsílẹ̀ wà nínú òfin wọn láti 1973, ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà pé wọ́n máa mú òun á gbà á kí ọlọ́pàá tó fọwọ́ kàn án. Nígbà tí wọ́n wá ṣòfin ní 1983 lórí ọkọ àti ẹbí ọkọ tó ń fìyà jẹ ìyàwó, àwọn ọkọ àti ìyá ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ gbà á. Lọ́hùn-ún, ìdílé obìnrin ló ń ru owó àti ẹrù lọ fún ọkọ; bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ojú ọmọ ọlọ́mọ á rí màbo. Tiwa yàtọ̀, ọkọ ló ń san owó orí. Owó kan náà ni wọ́n tún ń fi halẹ̀! Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tí mò ń sọ yìí, àgbàlagbà obìnrin tó ń wé gèlè lọ sípàdé, ló la ẹnu sọ pé, "Ṣé a ò sanwó orí rẹ ni?" Èmi jẹ nínú ìrẹsì ìdána tọkọtaya yìí o. Níṣojú mi báyìí ni bàbá ìyàwó ti dá àpò owó padà fún wọn, tó ní òun ò ta ọmọ. Owó wo ni wọ́n wá ń sọ?

Ẹ jẹ́ ká ha ẹ̀yìn púpurú yìí dáadáa, ká rí ohun tí òfin tiwa sọ. Ní 2021, nígbà Gómìnà Akeredolu, Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe òfin tó ta ko ìwà ipá. Ti ìjọba àpapọ̀ ti wà láti 2015, ó sì ka ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 3 lọ tàbí owó ìtanràn tí kò ju ₦200,000 lọ sórí ẹni tó bá lu ọkọ tàbí aya rẹ̀. Obìnrin tiẹ̀ lè gba àṣẹ ààbò ní kóòtù. Bẹ́ẹ̀, láti 2005, nínú ẹjọ́ tó wà láàárín ìjọba Ìpínlẹ̀ Anambra àti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Chris Uba, ni Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn ti sọ pé èèyàn ò lè sá sẹ́yìn kóòtù kí ọlọ́pàá má bàa wádìí òun. Lọ́yà ọkùnrin yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí adájọ́ tó dá a lóhùn rárá, ìwé ẹjọ́ lásán ti ṣiṣẹ́: tẹ́nì kan bá bi ọlọ́pàá, wọ́n á ní, "Ọ̀rọ̀ ti wà ní kóòtù, màmá, ẹ ní sùúrù."

Ibi tó dùn mí jù ni ti àwọn àgbà. Wọ́n gbé ọtí lọ sílé àna, wọ́n jókòó, wọ́n kan sáárá síra wọn, wọ́n wá kọjú sí ọmọbìnrin náà. "Ìyàwó wa, ṣe jẹ́jẹ́. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́."

Ẹ gbà mí o! Ta ló lọ sí kóòtù?

Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ọ̀gbẹ́ni ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní Olúwa pa àwọn ọ̀tá òun lẹ́nu mọ́. Wọ́n lùlù, ó jó dé iwájú pẹpẹ, àpòòwé owó lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ ń jó tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó wọ aṣọ ẹgbẹ́, ó wọ gíláàsì dúdú. Òjò sì ń rọ̀ láti ìdájí.