Jámánì Inú Igbó Georgia

Ẹni tó bá fẹ́ dé Jámánì láìgba físà, kó wọkọ̀ lọ sí Helen, ìlú kékeré kan láàárín òkè ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn 531 péré ni ìkànìyàn 2020 bá níbẹ̀. Iṣẹ́ gẹdú ló dá ìlú náà sílẹ̀. Nígbà tí gẹdú tán, tí owó sì tẹ̀ lé e lọ, àwọn oníṣòwò bẹ ayàwòrán John Kollock pé kó bá àwọn tún ojú ilé ṣe. Kollock ti ṣe sójà ní Jámánì rí. Ohun tó rántí ló yà, nígbà tó sì di 1969, Helen ti ń di Bavaria, ìpínlẹ̀ kan ní Jámánì. Títí dòní, ilé epo àti ilé bọ́gà pàápàá gbọ́dọ̀ dé òrùlé bíi ti òkè Alps bí ẹní dé fìlà.

Ti ọdún ọtí bíà wọn, Oktoberfest, ló lágbára jù. Ìlú Munich ní Jámánì, tó bẹ̀rẹ̀ ọdún náà ní 1810, nítorí ìgbéyàwó ọmọ ọba, kì í ṣe é ju ọ̀sẹ̀ méjì àti díẹ̀ lọ. Ti Helen ń kọjá oṣù kan! Ọkùnrin oníkùn ńlá á kó sínú ṣòkòtò awọ tí kò dé orúnkún, á máa fi ìgúnpá ṣe ìyẹ́, wọ́n ní ijó adìẹ ti Jámánì nìyẹn. Ará Switzerland ló gbé orin ijó náà kalẹ̀. Ijó polka tí wọ́n tún ń jó ńkọ́? Bohemia, ní ilẹ̀ Czech, ni tirẹ̀ ti wá.

Ó ku sọ́séèjì. Wọ́n ní ti Jámánì pọ́ńbélé ni, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ tú inú rẹ̀ wò?