Bí A Ṣe Ń Ná Owó Ìwádìí Iná Láì Tan Gílóòbù Kan

Ẹ kú oríire. Ìjọba ti fọwọ́ sí owó tí ẹ óò fi wádìí iná tí kò ní epo rọ̀bì nínú. Fún ará Ìkẹjà àti Agége, iṣẹ́ yìí kò le.

1. Ẹ gba ọ́fíìsì sí òpópónà Ọba Akran. Ẹ ra jẹnẹrétọ̀ ńlá kan. Ta ló ń jókòó sókùnkùn wádìí iná? Ẹ kọ dísẹ̀lì sí abẹ́ “ohun èlò ìwádìí”.

2. Ẹ yan ohun tí ẹ óò wádìí. Ẹ má sún mọ́ odò ẹran Oko-Ọba l'Ágége o! Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pa màlúù níbẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ kò sì wọ́n. Bí ẹ bá dé e mọ́ inú àgbá tí atẹ́gùn kò lè wọ̀, yóò kẹ̀, gáàsì tó ń jó yóò sì jáde. Iṣẹ́ lè tipa bẹ́ẹ̀ parí. Àwọn kan dá irú rẹ̀ lábàá fún odò ẹran Bódìjà n'Íbàdàn, wọ́n sì gba àmì ẹ̀yẹ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní SEED ní 2005. Ẹ kí wọn. Ẹ̀yin, ẹ wádìí iná inú ìgbì òkun. Kò sí òkun l'Ágége, nítorí náà ẹ óò rìnrìn àjò dáadáa.

3. Ẹ má yà sí FIIRO, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ l'Óṣòdì. Láti 1956 ni wọ́n ti ń ṣèwádìí níbẹ̀, wọ́n sì mọ tinú-tòde ẹ̀gẹ́, tí a lè fi ṣe epo ọkọ̀. Wọ́n lè dá yín lóhùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí lẹ fẹ́ fi owó tó kù ṣe?

4. Bí owó bá fẹ́ tán, ẹ wo ètò tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2007: kí ìdá 10 nínú 100 epo ọkọ̀ jẹ́ ethanol, èyí tí a fi ẹ̀gẹ́ àti ìrèké ṣe. Owó ìwádìí rẹ̀ ńkọ́? Àwọn iléeṣẹ́ tó bá ń ṣe epo náà ni yóò máa dá a, 0.25 nínú 100 owó tó bá wọlé fún wọn. Iléeṣẹ́ ń retí ìwádìí, ìwádìí ń retí owó iléeṣẹ́. Ọmọ tí a kò tíì bí ni yóò san owó ìkómọ ara rẹ̀. Èmi ò rí ètò tó fọkàn ẹni balẹ̀ tó báyìí rí. Ẹ dà á kọ, ẹ má yọ kọ́mà kan.

5. Ẹ ra páńẹ́lì sólà kan. Ẹ gbé e kọ́ sínú pálọ̀, kí oòrùn má bàa pa á láwọ̀. Ẹ pe mínísítà kó wá gé ríbọ́ọ̀nù.

6. Ẹ kọ ìwé àbájáde pé ìwádìí ti fi hàn pé ó yẹ kí ìwádìí tẹ̀síwájú. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ tọrọ owó ìpele kejì ní ìlọ́po méjì, nítorí ìpele kìíní ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òkun jìnnà sí Agége.