Ìdòwú Dé Ṣọ́ọ̀ṣì

Bí ìsìn bá máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sọ́ńdè, aago márùn-ún ni Ìyá Ìbejì ti ń dìde. Ó ti wẹ Táíwò, ó ti wẹ Kẹ́hìndé, ó sì ti wẹ Ìdòwú lẹ́ẹ̀mejì, torí ẹ̀yìn ìwẹ̀ àkọ́kọ́ ni Ìdòwú lọ ká adìyẹ mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Ọbẹ̀ ata tí wọn yóò fi jẹ ìrẹsì ọ̀sán ti wà lórí iná. Ó ti lọ aṣọ mẹ́rin, ó ku gèlè tirẹ̀. Bàbá Ìbejì náà kò káwọ́ gbera: ó ti wà nínú mọ́tò, ó ń fọn fèrè.

Kò sí ìjọ tí tọkọtaya yìí kò sí nílẹ̀ Yorùbá. Wọ́n wà ní Áńgílíkà, wọ́n wà ní Onítẹ̀bọmi, wọ́n wà ní Kérúbù àti Séráfù. Ní Sẹ̀lẹ́, níbi tí ẹni tó bá wọ sùtánà kò ti gbọdọ̀ wọ bàtà, ọ̀rọ̀ fúyẹ́ díẹ̀ fún ìyá, torí kò ní máa fi tọ́ọ̀ṣì wá ẹsẹ̀ bàtà kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ṣáà má bi í léèrè ta ló ń fọ aṣọ funfun gbogbo ilé lọ́jọ́ Ajé.

Wọ́n dé. Bàbá gba iwájú lọ, ó jókòó ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, agbádá ń gbálẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ṣófo àfi Bíbélì. Ìyá gba ẹ̀yìn, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, báàgì méjì, ike omi, bisikíìtì, àti ìwọ̀n sùúrù tí Jóòbù gan-an ì bá wá yá lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní èṣù lẹ́yìn ìbejì ni Ìdòwú. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ló yẹ ká kọ́kọ́ gbé e wá. Àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀ kò fara mọ́ èrò yìí, pàápàá ìyá àgbà tí Ìdòwú ń fà ní gèlè.

Nígbà tí àlùfáà ní kí oníkálukú gbàdúrà sínú, tí gbogbo ilé pa rọ́rọ́, ìgbà náà ni Ìdòwú rí ọ̀rọ̀ sọ: “Mọ́mì, ṣé wọn ò tíì ṣe tán ni?” Igba orí yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin tó ń júwe ìjókòó fún èrò, ẹni tó so ọ̀já pupa kọ́rùn, yọ́ kẹ́lẹ́ wá, ó fi ìka lé ètè, ó sì na ọwọ́ síta. Ìyá Ìbejì kó ẹrù rẹ̀, ó di abẹ́ igi máńgòrò.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń dí ìsìn lọ́wọ́ dáadáa. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn mẹ́rin ló kọjú síta, tó ń mi fèrèsé àwọn ará àdúgbò tí wọn kì í tiẹ̀ ṣe ọmọ ìjọ. Jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù. Fóònù alàgbà kan dún láàárín ìwàásù, orin fújì sì ni. Ó wò ó títí, ó gbé e sétí, ó fi ohùn rara sọ fún ẹni tó pè é pé òun wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó júwe abẹ́ máńgòrò fún un. Alàgbà kejì ti sùn láti ìgbà ẹ̀kọ́ kíkà kìíní, ó ń hanrun, àwọn èèyàn sì ní ó ń ṣàṣàrò. Bí ọmọ ọdún mẹ́ta bá sùn, wọ́n á ní kí ìyá rẹ̀ jí i kó wá gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run; bí kò bá sùn, wọ́n á béèrè ìdí tí kò fi sùn.

Oorun nínú ìsìn kì í ṣe àrùn tuntun. Orí ogún ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì sọ nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Eútíkù, tó jókòó sójú fèrèsé ní Tíróásì nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń wàásù títí di ọ̀gànjọ́. Oorun gbé e lọ, ó já bọ́ láti àjà kẹta, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé nílẹ̀. Pọ́ọ̀lù sọ̀ kalẹ̀, ó dì mọ́ ọn, ẹ̀mí rẹ̀ padà. Lẹ́yìn ìyẹn, Pọ́ọ̀lù tún gòkè, ó jẹun, ó sì bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ títí ilẹ̀ fi mọ́. Àwọn oníwàásù wa ti mọ apá tó kẹ́yìn yìí dunjú. Ti àjíǹde ló kù.

Ní ti àwọn ọmọdé, ẹni tí òkìkí ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi ti ọwọ́ rẹ̀ kàn, Robert Raikes, kì í ṣe àlùfáà. Oníwèé ìròyìn ni, nílùú Gloucester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1780, àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ láti Mọ́ńdè dé Sátidé ló ń da ìgboro rú ní Sọ́ńdè tí wọ́n bá ráyè. Raikes gba àwọn obìnrin síṣẹ́ láti máa kọ́ wọn ní ìwé kíkà, ó sì ń san ṣílè kan fún wọn lójúmọ́. Ẹ gbọ́ o: ó ń sanwó. Ní ìjọ Bàbá Ìbejì, ọmọge kan ṣoṣo tó ń kó ọgọ́ta ọmọ nìjánu nínú gbọ̀ngàn ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, èrè tirẹ̀ wà lọ́run.

Sára ògiri gbọ̀ngàn náà ni wọ́n kọ ẹsẹ inú Máàkù orí kẹwàá sí, èyí tí Jésù ti ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọdé wá sọ́dọ̀ òun. Ọ̀dà aláwọ̀ mẹ́ta ni, àwòrán àgùntàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Apá tí wọn ò kọ ni pé àwọn ọmọ-ẹ̀yìn gan-an ni inú bí Jésù sí, torí àwọn ló ń bá àwọn tó gbé ọmọ wá wí.

Ìbàdàn tiẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà tí tọkọtaya míṣọ́nnárì, David àti Anna Hinderer, dé síbẹ̀ ní 1853, Olóyè Olúnlọ́yọ̀ọ́ fa ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, lé wọn lọ́wọ́, wọ́n sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kàwé nílùú náà. Ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin kan ń jẹ́ orúkọ Yéjídé níbẹ̀ dòní. Inú ilé àwọn Hinderer ní Kúdẹtì ni àwọn ọmọ ń gbé, a ò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni lé wọn lọ sábẹ́ igi.

Lọ́sàn-án, nídìí ìrẹsì, Bàbá Ìbejì ní ìwàásù òní wọ òun lákínyẹmí ara. Ìyá Ìbejì bi í pé kí ni wọ́n wí. Ó ní ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀.

“Dádì, ẹ̀yin lẹ̀ ń sùn,” Kẹ́hìndé ló wí bẹ́ẹ̀.

“Kẹ́hìndé, jẹ ẹran ẹ.”

Ní ìpàdé ìjọ, àwọn ìyá kọ̀wé pé kí ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin máa gba àwọn ọmọ mọ́ra ní Sọ́ńdè kan ṣoṣo lóṣù, kí àwọn náà lè jókòó gbọ́ ìwàásù látòkèdélẹ̀. Tọwọ́tẹsẹ̀ ni ẹgbẹ́ fi gba ìwé náà. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje tí yóò gbé e yẹ̀wò lẹ́yìn ìkórè, wọ́n dá owó ìpàdé, wọ́n sì fi Ìyá Ìbejì ṣe alásè ìgbìmọ̀ náà.